Táyà Tó Dára, Ọwọ́ Tó Kọ́ṣẹ́: Bí Ọlọ́kadà Ṣe Lè Tẹ Bíréèkì Kó sì Wọ Kọ́nà Láìṣubú ní Ọ̀fà

Ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ ìlú Ọ̀fà. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì tí kíláàsì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyá tó ń gbé ọjà lọ sí Owódé, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ dé Ìjàgbò tàbí Ẹ̀rìn-Ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn ló ń nawọ́ sí ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n bí ewúrẹ́ bá já lu títì lójijì, kí ni ẹni tó gbé wọn máa ṣe? Ìdáhùn tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ni pé: "Bíréèkì ẹsẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ní tèmi o. Ti ọwọ́ yẹn, ṣe ló máa ń gbé èèyàn ṣubú."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìdáhùn yẹn ti rán ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Bíréèkì ọwọ́ tí wọ́n ń sá fún yẹn gan-an ló lágbára jù lórí alùpùpù. Táyà tó ti dán àti ọwọ́ tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń gbé èèyàn ṣubú.

Àpilẹ̀kọ yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tiyín tẹ́ ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, àti ẹ̀yin èrò ẹ̀yìn. A máa sọ̀rọ̀ táyà, a máa sọ ti bíréèkì àti ti kọ́nà, a ó sì sọ bí èèyàn ṣe lè fi àárọ̀ Sátidé mélòó kan kọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ fi pamọ́ sórí fóònù yín.

Ta ló kọ́ ọlọ́kadà níṣẹ́?

Orúkọ ọkọ̀ òfurufú la fi ń pe alùpùpù akérò. Okada Air ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, ní ìpínlẹ̀ Edo, sọ ọ́. Nígbà tí alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò káàkiri ní ìparí ọdún 1980 sí 1989, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú tiwọn nìyẹn. Okada Air ti kógbá wọlé tipẹ́, orúkọ náà ò lọ.

Báwo ni èèyàn ṣe ń di ọlọ́kadà? Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ á gbé alùpùpù sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, á ní kílọ́ọ̀ṣì rèé, jíà rèé, bíréèkì rèé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹni yẹn ti ń gbé èrò. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń mú un rìn. Bí wọ́n ṣe ń mú un dúró lójijì, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Southern California wádìí ìjàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1981. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún awakọ̀ tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí, 92 ni kò gba ẹ̀kọ́ kankan: àwọn fúnra wọn ló kọ́ ara wọn, tàbí kó jẹ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló kọ́ wọn. Ìwádìí náà tún fi hàn pé bí ewu bá dé, púpọ̀ nínú wọn máa ń tẹ bíréèkì ẹ̀yìn jù títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á fi máa wọ́ nílẹ̀, wọn kì í sì í tẹ ti iwájú tó. Àkókò tí wọ́n sábà ń ní láti fi yẹra fún ìjàǹbá kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì.

Ìṣẹ́jú-àáyá méjì! Kò sáyè láti ronú nínú ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ bá ti mọ́ lára tẹ́lẹ̀ ló máa ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ìgboyà nìkan ò tó. Ẹni tó ní ìgboyà lè wọ kọ́nà pẹ̀lú eré. Ẹni tó mọ̀ bóyá táyà òun ṣì lè di ilẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ bíréèkì, ni ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀ lóòótọ́.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀

Ọmọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì, torí náà àfiwé yìí á yé wa. Bó ti wù kí ìjàkadì lágbára tó lápá, bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yọ̀ nílẹ̀, ó ti ṣubú nìyẹn. Ẹsẹ̀ alùpùpù ni táyà. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti kan ilẹ̀ kò fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yín. Lórí ibi kékeré méjì yẹn ni ẹ̀yin, èrò yín àti ẹrù wà.

Ẹ wo agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú bí owó tó wà lápò. Ẹ ká sọ pé ₦1,000 ni. Bíréèkì ń ná nínú ẹ̀, kọ́nà náà ń ná nínú ẹ̀. Bí ẹ bá wọ kọ́nà tó gba ₦800, ₦200 ló kù fún bíréèkì. Bí ẹ bá wá tẹ bíréèkì ₦500 láàárín kọ́nà yẹn, gbèsè dé, alùpùpù á sì yọ̀.

Òjò lè sọ ₦1,000 yẹn di ₦500. Yanrìn lórí ọ̀dà lè sọ ọ́ di ₦300. Táyà tó ti dán ń gé e kù ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ bá tutù. Iye owó yìí àfiwé lásán ni o, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Gbogbo ohun tó kù nínú àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí a ṣe lè fi kún owó yẹn, àti bí a ṣe lè ná an díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ táyà tó dára

Láti ìgbà tí Michelin ti ti iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, táyà tó ń wọlé látòkèèrè ni púpọ̀ nínú wa ń rà. Òmíràn dára, òmíràn ti gbó kó tó kúrò nínú kọ̀ǹténà. Ẹ má jẹ́ kí dídán rẹ̀ tàn yín. Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

*Ọjọ́ orí rẹ̀.* Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú igun roboto kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni àwọn aláṣẹ nílẹ̀ wa, àjọ SON àti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó (FRSC), ń fún táyà. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á. Rọ́bà tó ti pẹ́ á gan, kò ní lè di ilẹ̀ mú mọ́, kódà bí ojú rẹ̀ bá ṣì jinlẹ̀.

*Ìwọ̀n rẹ̀.* Lórí ọ̀pọ̀ Bajaj Boxer, 2.75-17 ló wà níwájú, 3.00-17 ló wà lẹ́yìn. 17 yẹn ni ìwọ̀n ríìmù. Ẹ ka ti ara yín kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà. Bí ẹni tó ń ta páàtì bá ní "Èyí náà á wọ̀ ọ́, kò sí wàhálà," tí nọ́ńbà ẹ̀ sì yàtọ̀, ẹ dá a padà fún un.

*Ojú rẹ̀.* Ihò tó wà lójú táyà ló ń lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ihò bá ti tán, orí omi ni táyà á máa sáré, kò ní kan ọ̀dà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò gbà kí ihò lójú táyà alùpùpù tó ju 50cc lọ kéré sí mílímítà kan. Ẹ wo àárín táyà ẹ̀yìn dáadáa, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ.

*Ara rẹ̀.* Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti sán. Ẹ sọ́ra fún táyà àlòkù tí wọ́n fi irin gbóná fín ihò tuntun sí lójú. Rọ́bà tó kù lábẹ́ ihò yẹn ti fẹ́lẹ́, ìṣó tàbí òkúta kékeré ló máa bẹ́ ẹ.

*Túùbù rẹ̀.* Bí ẹ bá rí TT lára táyà, túùbù ló ń lò. Ríìmù onísípóòkù tó wà lórí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà gbọ́dọ̀ ní túùbù. Bí ẹ bá ń ra táyà tuntun, ẹ ra túùbù tuntun mọ́ ọn. Túùbù tí fọ́gànáísà ti lẹ̀ níbi márùn-ún lè tú nígbàkigbà, àti pé tiẹ̀ kì í rọra tú.

*Ọfà ara rẹ̀.* Ọ̀pọ̀ táyà ní àmì ọfà tó ń fi ibi tó yẹ kó máa yí sí hàn. Ẹ rí i pé fọ́gànáísà ò wọ̀ ọ́ sódì.

Irú ojú táyà wo ló dáa fún wa? Bó bá jẹ́ inú ìlú àti ọ̀nà ọlọ́dà tó lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ìlọrin lẹ ti ń ṣiṣẹ́, táyà tí ojú rẹ̀ sún mọ́ra ló dára, torí rọ́bà púpọ̀ ló ń kan ọ̀dà. Bó bá jẹ́ oko àti abúlé lẹ ń lọ lórí ilẹ̀ pupa, táyà tí ojú rẹ̀ rí kókó-kókó ló máa di ẹrẹ̀ mú. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé onítibí ò fi bẹ́ẹ̀ di ọ̀dà tútù mú. Bí ẹ bá gùn ún padà wọ ìlú nígbà òjò, ẹ dín eré kù.

Táyà tuntun máa ń yọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, torí ojú rẹ̀ ṣì ń dán láti iléeṣẹ́. Ẹ rọra gùn ún fún nǹkan bí 150 kìlómítà, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní kọ́nà, kí ojú rẹ̀ tó gbó.

Afẹ́fẹ́: iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà máa ń fọn táyà títí á fi le bí òkúta, wọ́n ní nítorí ẹrù. Táyà tó le jù, ibi kékeré ló fi ń kan ilẹ̀, á sì máa fò lórí gbogbo gálọ́ọ̀pù. Èyí tó rọ̀ jù náà á máa mì ní kọ́nà, á gbóná, á sì máa fa ẹnu túùbù.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á wò, ẹ má sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lásán. Ẹ ní kí fọ́gànáísà fi géèjì wọ̀n ọ́ láàárọ̀, nígbà tí táyà ṣì tutù. Iye tó yẹ wà nínú ìwé tó bá alùpùpù wá, wọ́n sì máa ń kọ ti ẹni kan àti ti ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó.

Bíréèkì méjì, iṣẹ́ méjì

Ẹ gbé garawa tí omi kún sórí, kẹ́ ẹ máa rìn kíákíá, kẹ́ ẹ wá dúró lójijì. Iwájú ni omi máa dà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n alùpùpù ṣe ń sáré lọ síwájú bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Táyà tó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ ló lè dá alùpùpù dúró. Ti ẹ̀yìn tó fúyẹ́ ò pẹ́ tó fi máa ń dẹ́kun yíyí, tí á wá máa wọ́ nílẹ̀ bí ìrù.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ṣe ìṣirò kan fún ọ̀dà gbígbẹ. Mo fún awakọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan láti rí ewu kó tó tẹ bíréèkì, mo sì gbà pé bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tí méjèèjì ń ṣe. Ẹ wo ibi tí alùpùpù máa dúró sí:

- Ní eré 30 kìlómítà ní wákàtí: bíréèkì méjèèjì, nǹkan bí mítà 14, ti ẹsẹ̀ nìkan, mítà 20.
- Ní eré 40: bíréèkì méjèèjì, mítà 21, ti ẹsẹ̀ nìkan, mítà 32.
- Ní eré 60: bíréèkì méjèèjì, mítà 40; ti ẹsẹ̀ nìkan, mítà 63.

Ẹ tún wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ká ní ẹni méjì ń sá eré 60, wọ́n sì rí ọmọdé kan lọ́ọ̀ọ́kán pa pọ̀. Níbi tí ẹni tó lo bíréèkì méjèèjì ti dúró pátápátá, ẹni tó tẹ ti ẹsẹ̀ nìkan ṣì ń sáré ju 40 lọ. Ọ̀kan máa kí ọmọ náà pé "pẹ̀lẹ́", ìkejì máa gbá a.

Ẹ tún kíyè sí i pé eré máa ń jẹ ilẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì nílò láti fi dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

*Bí ẹ ṣe máa tẹ ẹ́.* Ẹ má já bíréèkì ọwọ́ gbà bí ẹni tó fẹ́ fa nǹkan já. Ẹ rọra fún un bí ẹni tó ń fún ọsàn: díẹ̀ ní àkọ́kọ́ kí ìwọ̀n lè lọ síwájú, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un bí táyà iwájú ṣe ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi ti ẹsẹ̀ kún un wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọrùn alùpùpù tọ́, ojú sì wà níwájú.

*Bí táyà iwájú bá yọ̀,* ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tẹ̀ jẹ́jẹ́. *Bí ti ẹ̀yìn bá ń wọ́ nílẹ̀* nígbà tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà tààrà, ẹ jẹ́ kí ọrùn alùpùpù tọ́, kẹ́ ẹ dín ti ẹsẹ̀ kù.

*Lórí yanrìn àti ilẹ̀ pupa,* ẹ̀rù tí àwọn èèyàn ní fún bíréèkì ọwọ́ ní ìdí díẹ̀. Níbẹ̀, ẹ tètè dín eré kù, ẹ lo ti ẹsẹ̀ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ lo ti ọwọ́ wẹ́rẹ́ gan-an. Bí ẹ bá gbé èrò, táyà ẹ̀yìn ní ìwọ̀n lórí sí i, torí náà bíréèkì ẹ̀yìn á ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ gbogbo alùpùpù ti wúwo sí i, ó sì máa gba ilẹ̀ púpọ̀ kó tó dúró.

*Bíréèkì fúnra rẹ̀ ńkọ́?* Dúrọ́ọ̀mù ló wà níwájú àti lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa. Bí ẹ bá la àgbàrá kọjá, omi lè wọ inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́ bí ẹ ṣe ń lọ kó lè gbẹ, kó má baà jẹ́ ìgbà tí ewu bá dé lẹ máa mọ̀ pé kò mú. Àwọn kan tiẹ̀ ti tú wáyà bíréèkì iwájú sílẹ̀ kó má baà "gbé wọn ṣubú". Bí ẹ bá wà lára wọn, ẹ bá mẹkáníìkì yín sọ̀rọ̀ lónìí, kó so ó padà, kó yẹ ṣúù rẹ̀ wò, kó sì fi òróró sí wáyà.

Ní Íńdíà, níbi tí Boxer ti wá, ìjọba ti sọ ọ́ di dandan láti oṣù kẹrin 2019 pé kí alùpùpù tuntun tó bá ju 125cc lọ ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dẹ́kun yíyí nígbà bíréèkì. Èyí tó bá kéré sí i gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lójú títì wa ò ní ìkankan. Ọwọ́ yín ni ABS yín.

Kọ́nà: ibi tí iṣẹ́ ti ń parí kẹ́ ẹ tó débẹ̀

Ẹni tó bá ń tẹ bíréèkì láàárín kọ́nà ti pẹ́ jù. Nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn:

1. *Ẹ dín eré kù nígbà tí alùpùpù ṣì tọ́.* Bíréèkì méjèèjì, kẹ́ ẹ bọ́ sí jíà tó yẹ. Kẹ́ ẹ tó yà, kẹ́ ẹ ti parí bíréèkì.
2. *Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ń lọ.* Ibi tí ojú bá wò ni alùpùpù máa ń lọ. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò lẹ máa bá ara yín. Ẹ gbójú sókè, kẹ́ ẹ wo ibi tí kọ́nà ti máa parí.
3. *Ẹ ti ọwọ́ síwájú.* Bí ẹ bá ti ń sáré ju nǹkan bí 20 lọ, bí ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, ẹ rọra ti ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Alùpùpù á fara dà sọ́tùn-ún, á sì yà. Ó dà bí àdìtẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo yín ń ṣe láìmọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ló lè yà fún ewúrẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.
4. *Ẹ fún un níná díẹ̀díẹ̀.* Bí ẹ bá ti wọ inú kọ́nà, iná tó dúró ṣinṣin á mú kí alùpùpù fìdí múlẹ̀. Ẹ má tú iná sílẹ̀ lójijì, ẹ má sì já a.

Eré nínú kọ́nà náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì eré wọ kọ́nà kan náà, ìlọ́po mẹ́rin agbára ni táyà gbọ́dọ̀ ní kó tó lè dì yín mú. Kọ́nà tẹ́ ẹ wọ̀ jẹ́jẹ́ lánàá lè gbé yín ṣubú lónìí nítorí eré díẹ̀ péré.

Nílùú bíi Ọ̀fà, ibi mẹ́ta ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́ ni ibi tí àdúgbò onílẹ̀ pupa ti já sí títì ọlọ́dà. Òjò máa ń gbá yanrìn jáde síbẹ̀, táyà ọkọ̀ sì ń fọ́n ọn ká. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kẹ́ ẹ yà níbi tí ọ̀dà ti mọ́.

Ìkejì ni ojú irin. Reluwé ti wà ní Ọ̀fà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, irin rẹ̀ sì la inú ìlú kọjá. Irin tó tutù ń yọ̀ bí ọṣẹ, àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè gbá táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Ẹ gba orí rẹ̀ kọjá tààrà, kí alùpùpù tọ́, ẹ má tẹ bíréèkì lórí rẹ̀, ẹ má sì yà lórí rẹ̀.

Ìkẹta ni òjò àkọ́rọ̀. Eruku ọyẹ́ àti òróró ọkọ̀ ti kó jọ sójú títì fún oṣù mélòó kan. Òjò kékeré àkọ́kọ́ á pò ó pọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Òjò ńlá ló máa ń fọ̀ ọ́ kúrò. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ya sí ibì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ̀kọ́ àárọ̀ Sátidé

Àwọn tó ti fi ìgùn alùpùpù ṣòwò ńlá ti rí i pé ẹ̀kọ́ lowó wà. SafeBoda, tó bẹ̀rẹ̀ ní Kampala ní 2014 tó sì wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn náà, máa ń kọ́ awakọ̀ kó tó jẹ́ kó gbé èrò. Ní oṣù kẹjọ 2019, Gokada dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Èkó kó lè tún àwọn awakọ̀ rẹ̀ kọ́. Àwa ò ní láti dúró de iléeṣẹ́ kankan. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà lè ṣe é, ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè ṣe é.

Ẹ wá pápá tàbí ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àárọ̀ kùtù ló dára. Ẹ má gbé èrò. Akoto, bàtà tó bo ẹsẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn. Ẹ fi ike omi tó ṣófo ṣe àmì.

- *Ìkínní, dúró síbi àmì:* ẹ sá eré 20, kẹ́ ẹ fi bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan dúró láti ibi ike. Ẹ sàmì síbi tẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ti ọwọ́ nìkan, kẹ́ ẹ fún un jẹ́jẹ́. Ẹ wá lo méjèèjì. Ojú yín ló máa rí ìyàtọ̀ náà. Ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá kó tó di pé ẹ ó gòkè sí 30, lẹ́yìn náà 40.
- *Ìkejì, ejò:* ẹ to ike méje sílẹ̀ ní mítà mẹ́fà-mẹ́fà síra, kẹ́ ẹ máa gba àárín wọn kọjá.
- *Ìkẹta, yíyípo:* ẹ yí po sọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà sósì, kí ojú máa wo iwájú, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ máa dín òbìrìkìtì náà kù díẹ̀díẹ̀.
- *Ìkẹrin, yà fún un:* ọ̀rẹ́ yín dúró síwájú níbi tó jìnnà dáadáa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa gbà. Ó máa nawọ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì bí ẹ bá dé ibi àmì, ẹ̀yin á sì yà síbẹ̀ láìtẹ bíréèkì.
- *Ìkarùn-ún, pẹ̀lú ìwọ̀n:* nígbà tí gbogbo èyí bá ti mọ́ yín lára, ẹ di àpò yanrìn mọ́ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ tún ti àkọ́kọ́ ṣe. Ẹ ó rí bí èrò ṣe ń yí nǹkan padà.

Ẹ má fi ọjọ́ kan ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni ìgbín fi ń gun igi. Sátidé mẹ́rin, wákàtí kan-kan, ti tó kí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un ṣe kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún. Bẹ́ ẹ bá sì ń gùn ún láìní ìwé àṣẹ, ẹ lọ gba ti ipele A lọ́dọ̀ FRSC. Òun ni ti alùpùpù.

Ẹ̀yin èrò, ọ̀rọ̀ kàn yín

Kẹ́ ẹ tó gùn ún, ẹ wo táyà ẹ̀yìn. Bó bá ń dán bí orí apárí, ẹ jẹ́ kó máa lọ, òmíràn ń bọ̀. Ẹ wo bóyá ọlọ́kadà ní akoto. Ẹ má gba ìkẹta mọ́ra: awakọ̀ kan àti èrò kan ni wọ́n ṣe ìjókòó yẹn fún.

Bí ẹ bá ti gùn ún, ẹ dì í mú dáadáa. Bó bá fara dà ní kọ́nà, ẹ bá a fara dà. Ẹ má tẹ̀ sí òdìkejì, torí ìyẹn ló ń da ọwọ́ awakọ̀ rú. Bó bá ń sá eré àsápajúdé, ẹ sọ fún un: "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, mi ò kánjú." Bí kò bá gbọ́, ẹ ní kó dúró, ẹ sanwó rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ojú ò gbọ́dọ̀ tì yín.

Akoto kì í ṣe igbá

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009 ni FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin akoto. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà nígbà yẹn á rántí: àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ìkòkò àti ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane kó jọ ní 2008 fi hàn pé akoto gidi ń dín ewu ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Ẹ so okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Èyí tí wọ́n gbé lé ọwọ́ alùpùpù ò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, 122 ni nọ́ńbà FRSC, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má já akoto kúrò lórí ẹni tó farapa, ẹ má sì fi ọ̀kadà mìíràn gbé e bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún.

Owó rẹ̀ ńkọ́?

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ: táyà ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò òdìkejì rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kán, oṣù mélòó lẹ máa fi jókòó sílé? Ta ló máa dá owó tẹ́ ẹ ń kó fún ẹni tó ni alùpùpù? Ta ló máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ? Bó bá wá jẹ́ èrò ẹ̀yìn ló farapa ńkọ́?

Bí owó táyà méjì ò bá sí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ èyí tó burú jù. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, ti iwájú ni kẹ́ ẹ mú, torí òun ló ń darí yín, òun ló sì ń gba púpọ̀ nínú bíréèkì. Ẹ máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ fún ti ẹ̀yìn. Dídín afẹ́fẹ́ táyà sí iye tó yẹ, ṣíṣe bíréèkì iwájú, àti wákàtí kan lórí pápá ní Sátidé, owó kékeré ni gbogbo wọn, àwọn kan ò tiẹ̀ gbówó rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà tó máa ń gbé yín.